Àrokò Ìyá Mi Nínú Igbó Ojú-Kò-Jọra

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ilé yìí, kí n má baà máa pariwo bí ẹni tó ń lé ọ̀bọ lóko àgbàdo. Òjò ti dá, oòrùn ọ̀sán sì ti rọlẹ̀. Orúnkún tó ń dùn mí láti àná ti fún mi láyè kí n jókòó sójúde kí n sọ̀rọ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi rìn ín. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó dìde, kó dárúkọ igbó tí òun náà ti wọ̀ rí. Kò sẹ́ni tó dìde? Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ ìjà yín láti àárọ̀. Abọ́sẹ̀dé, ìwọ tí o lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, o ní ìlànà tuntun ni kí ẹ fi kọ ìkànnì ayélujára ìlú wa, nítorí òun ló lẹ́wà, òun ló sì ní òfin. Oyèníran ní ti àtijọ́ ni kí ẹ lò, pé fóònù àwọn ẹlòmíràn ò mọ tuntun yẹn, pé bí wọ́n bá ṣí i, funfun báláú ni wọ́n máa rí. Ẹ ti pe ara yín ní olóríkunkun, ẹ ti pe ara yín ní ará oko. Ìkànnì ò tíì jáde, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wa tí ẹ fẹ́ fi pè wálé wà ní ìdálẹ̀, wọn ò mọ̀ pé à ń retí wọn. Èmi ò mọ kọ̀ǹpútà o. Ṣùgbọ́n ìjà yìí kì í ṣe tuntun létí mi. Mo ti jà á rí, níbi tí iwin ti ń dáná oúnjẹ ni mo sì ti jà á.

Nígbà tí mo wà ní géńdé, tí apá mi le, tí ẹkùn ń yà fún èmi Ọdẹ́rìndé lọ́nà, ìyá mi Ọyáfúnkẹ́ dùbúlẹ̀ àìsàn. Kò bèèrè ẹran ìgbẹ́, kò bèèrè àgbo. Akínlàbí ló ń bèèrè. Akínlàbí ni ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí rẹ̀. Ó ti wọ Igbó Ojú-Kò-Jọra lọ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ó sì jókòó sí ìlú kan lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ìyá wa bọ òrùka irin kékeré kan sí i níka, ó ní kó má bọ́ ọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí a gbọ́ ni pé ó wà láàyè. Ìlú tó wà, a ò mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ọdẹ́rìndé, bá mi pè é wá. Ikú ò bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n bí mo bá lọ láì tún rí ọmọ yẹn, mi ò ní sinmi níbi tí mo bá ń lọ.” Mo fẹ́ràn ìyá mi ju bí ẹnu ti lè sọ lọ. Mo ní kó má sunkún mọ́, pé màá lọ.

Ṣé ẹ mọ̀ pé bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni? Nínú igbó yẹn, àlejò ò gbọdọ̀ pe orúkọ ará ìlú. Bí o bá pè é, ibi tí ẹni náà dúró sí ni yóò ti di òkúta. Àrokò nìkan ló ń jíṣẹ́ níbẹ̀. Àrokò ni lẹ́tà àwọn baba yín: a óò so nǹkan mọ́ okùn, ẹni tó bá gbà á yóò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó fi ránṣẹ́. Ìlú kọ̀ọ̀kan nínú igbó náà ní fèrèsé ńlá kan lẹ́nu ibodè. Oníbodè ni yóò gbé àrokò rẹ síwájú rẹ̀, ohun tí fèrèsé bá sì fi hàn ni gbogbo ìlú máa rí. Ṣùgbọ́n ojú àwọn fèrèsé yẹn ò jọra. Ohun tí ọ̀kan rí, òmíràn lè má rí i, ibẹ̀ sì ni igbó náà ti gba orúkọ.

Ìyá mi ti mọ àrokò tó fẹ́. Ó ní kí n so eyín ìmàdò, tó jẹ́ àmì ilé wa láti ìgbà tí baba wa ti pa ìmàdò tó ń da ìlú láàmú. Kí n so ekìrí ẹní, ìyẹn àjákù ẹní kékeré, tẹ̀ lé e, pé àìsàn wà nílẹ̀. Kí n wá so owó ẹyọ méjì kí wọ́n dojú kọra, pé ká tètè fojú kanra. Ó ní ó parí. Mo wo nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n dà bí ẹrù ọmọ tó ń ṣeré lábẹ́ igi. Mo ní lọ́kàn mi pé irú èyí kọ́ ló yẹ kí èmi Ọdẹ́rìndé gbé lọ́wọ́ níwájú àwọn iwin.

Mo gba ọ̀dọ̀ Láyẹmí lọ, ọ̀gá aláàrokò tó ti etí òkun dé. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó di kókó sínú kókó, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ aláràbarà sáàárín wọn, ó ní bí fèrèsé tó mọ̀ ọ́n bá wò ó, ohùn àti ojú ìyá mi ni yóò yọ. Ó wá fi ìkóóde pupa, ìyẹ́ ìdí odídẹrẹ́, sórí rẹ̀. Ó ní, “Gbogbo kókó tó bá ṣí gbọ́dọ̀ ní èyí tó pa á dé. Ìkóóde yìí ni yóò sọ fún oníbodè pé òfin tuntun ni kó fi kà á. Má yọ ọ́ o.” Mo ní, “Ta ni yóò yọ ọ́? Ṣé o rí i pé orí mi dàrú ni?”

Báyìí ni mo wọ igbó. Ìlú tí mo kọ́kọ́ dé ni Fèrèsé-Ìmọ́lẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ń dán, tí àwọn ewúrẹ́ sì ń kí ènìyàn kú ìrìn. Obìnrin kan ni oníbodè wọn. Ó gbé àrokò mi síwájú fèrèsé. Háà! Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú ìyá mi ni mo rí! Mo rí àbàjà rẹ̀, mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe ń sọ pé “ọmọ mi dà.” Gbogbo ìlú tú jáde, wọ́n ń nu ojú nù. Oníbodè ní, “Àlejò, iṣẹ́ yìí dùn, ó sì dunni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá àmì ilé yín mọ̀ nínú wa. Ọmọ yín ò sí níbí.” Mo dúpẹ́, mo sì jáde. Inú mi bàjẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ò sí níbẹ̀, àmọ́ àyà mi wú lórí àrokò náà, mo ń rìn bí ẹni tó jẹ oyè.

Ẹni tó ń rìn bẹ́ẹ̀ kì í wo iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rọ́ lu Onírun-Ẹ̀gún, iwin kan tó sùn dábùú ọ̀nà, tó jẹ́ pé ẹ̀gún ló hù sí i lára dípò irun. Ó ní mo tẹ òun nírù. Mo ní ìrù rẹ̀ ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ló bá dìde, la bá wọ̀yá ìjà! Ó gbé mi sókè, mo fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn. Ó jù mí sínú ìṣẹ́pẹ́, mo fà á tẹ̀ lé mi. A jà títí àwọn ẹyẹ fi kúrò lórí igi, tí wọ́n lọ wá ibòmíràn tó dákẹ́. Nígbà tó yá, mo gbé e, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀.

Oyèníran, kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? O ní ọwọ́ kì í di ẹ̀gún mú, báwo ni mo ṣe gbé e? Ọwọ́ ni mo fi gbé e! Wo àpá ọwọ́ mi níbí. Abọ́sẹ̀dé, o ní ọ̀bẹ iṣu ló ṣe é? Ẹ jẹ́ ká máa bá ìtàn lọ jàre.

Mo dé Ìlú Kò-Gbàṣìṣe. Oníbodè ibẹ̀ ga, ọrùn rẹ̀ le bí òpó ilé. Ó fi ìka tẹ̀ lé kókó àrokò mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró lójijì. Ó fa aṣọ aláwọ̀ ìyeyè kan bo fèrèsé. Ó ní, “Kókó kan ṣí sílẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan.” Ẹ̀gún ló tú u nígbà ìjàkadì. Mo ní, “Kókó kan ṣoṣo, ẹ̀yin àgbà! Ẹ ka èyí tó kù, ìyá mi ló ń ṣàìsàn!” Ó wò mí láìbínú. Ó ní, “Ṣé ìwọ lo gbé ìkóóde sórí rẹ̀? Ìwọ lo ní ká fi òfin tuntun bá ọ lò. A ti wá ń lò ó, o ń pariwo.”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ìyẹn gan-an ló mú un dùn mí. Mo jókòó sẹ́nu ibodè, mo di kókó yẹn. Bí mo ti dì í ni òmíràn tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìka mi bó kí n tó dì wọ́n tán. Nígbà tí wọ́n wá ṣí aṣọ, fèrèsé ka gbogbo rẹ̀ láìku ohun kan, ará ìlú wò ó, wọ́n sì mi orí. Akínlàbí ò sí lọ́dọ̀ àwọn náà.

Ìlú kan ló wá kù, Ìlú Gbogbowọn, èyí tó tóbi jù nínú igbó. Bí o bá kó àwọn ìlú ìyókù pọ̀, wọn ò kún àdúgbò kan níbẹ̀. Mo mọ̀ dájú pé ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi wà, ara mi sì balẹ̀. Oníbodè wọn sanra, ó ń jẹ obì, ó kí mi dáadáa, ó bèèrè àlàáfíà ilé. Ó gba àrokò, ó wo orí rẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ní, “Fèrèsé wa ò mọ irú èyí. Jẹ́ kí n bá ọ fi pamọ́.” Kò gbé e dé iwájú fèrèsé rárá! Àká kan ló wọ̀ lọ, ó jù ú síbẹ̀, ó padà wá jókòó ti obì rẹ̀.

Mo sáré wọ inú àká náà. Ohun tí mo rí nínú àká yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Àrokò ló kún ibẹ̀ dé àjà, gbogbo wọn ló ní ìkóóde pupa lórí, eruku ti bò wọ́n. Iṣẹ́ tí àwọn ìyá ẹlòmíràn rán ni. Ẹnikẹ́ni ò kà wọ́n, àwọn ìyá náà á sì máa wo ọ̀nà nílé wọn.

Inú bí mi. Mo mú àrokò mi, mo jáde, mo gbé ìbọn sọ́rùn oníbodè. Mo ní, “Kà á!” Ó rọra fi ìka gbé ẹnu ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ọmọkùnrin, bí o bá yìnbọn, fèrèsé wa ò ní tìtorí ẹ̀ mọ ohun tí kò mọ̀. Tuntun ń bọ̀ wá bá wa lọ́jọ́ kan, wọ́n ti ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì dé.” Mo ní, “Ìyá mi ò lè dúró dè é!” Ó ní, “Mo gbọ́. Ẹ kú ìrọ́jú.” Mo wo ìlú yẹn, mo rí èéfín ilé tó lọ jáǹrẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òrùlé yẹn, mi ò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí ẹkùn ń yà fún.

Ìyá arúgbó kan tí kò léyín kankan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibodè, ó gbé igbá lé ẹsẹ̀, ó ń mu nǹkan inú rẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó ń sunkún ṣì ń ríran. Jẹ́ kí n pa àlọ́ kan fún ọ. Bí o kò bá já a, màá gba fìlà rẹ. Oúnjẹ wo ni ọmọ ọwọ́ ń jẹ, tí arúgbó ń jẹ, tí ẹni tó léyín pérépéré ń jẹ, tí kò sí ẹni tó bá ẹnìkejì rẹ̀ jà lórí rẹ̀?”

Ebi ń pa mí, mo dáhùn kíá. Mo ní, “Iyán!”

Ó ní, “Ọmọ ọwọ́ ilé yín ń jẹ iyán? Ẹ kú iṣẹ́.” Ó ṣí fìlà lórí mi, ó dé e. Ìgbà náà ni mo wá wo inú igbá rẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ẹ̀kọ gbígbóná ni.”

Ó ní, “Ẹ̀kọ ni. Àkàrà ńkọ́?”

Mo ní, “Ẹni tó bá léyín á fi àkàrà sí i. Ẹni tí kò ní, á mu ẹ̀kọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ó ní, “Ebi á wá pa èwo nínú wọn?” Kò dúró gbọ́ èsì. Ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ, fìlà mi lórí rẹ̀, n kò sì tún fojú kan fìlà yẹn mọ́.

Mo jókòó, mo ronú sí i. Mo padà lọ bi oníbodè pé, “Bí wọ́n bá gbé àrokò tí ẹ mọ̀ wá, tí nǹkan tí ẹ ò mọ̀ wá rọ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́?” Ó ní, “Èyí tí mo mọ̀ ni màá kà. Èyí tí mi ò mọ̀, màá fò ó.” Mo ní, “Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀!” Ó ní, “O ò bèèrè. Ìbọn lo gbé.”

Mo tú gbogbo àrokò náà palẹ̀. Mo fi nǹkan mẹ́ta ìyá mi sí àárín okùn gbangba: eyín ìmàdò, ekìrí ẹní, owó ẹyọ méjì tó dojú kọra. Mo wá so ìlẹ̀kẹ̀ Láyẹmí rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá lójú rẹ̀ lè rí i. Gbogbo kókó tí mo ṣí ni mo pa dé, bí ará Kò-Gbàṣìṣe ti kọ́ ìka mi, nítorí kókó tó dì dáadáa kò pa oníbodè kankan lára. Mo gbé e lọ. Oníbodè wo orí rẹ̀, ó sì tún dìde, ó ń lọ sí àká.

Mo kígbe, “Ó tún di kí ni?” Ó na ọwọ́ sí ìkóóde. Orí ló kọ́kọ́ ń wò, bó bá ti rí ìyẹ́ pupa yẹn, kì í wo ìsàlẹ̀. Mo ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, mo fi ìkóóde sílẹ̀ nítorí ó wù mí, n kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé àrokò ìyá mi wá láìní ìyẹ́ odídẹrẹ́. Ìkóóde yẹn dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ fi ẹwà ṣe nínú àká? Mo já a kúrò lórí, mo so ó mọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá.

Oníbodè gbé àrokò síwájú fèrèsé. Kò sí ojú ìyá mi níbẹ̀, kò sí ikọ́ rẹ̀. Eyín, ẹní, owó ẹyọ: ohun tó hàn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìlú wò ó, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Lẹ́yìn náà, mo rí ọkùnrin kan tó ju ọkọ́ sílẹ̀ láti òpin òpópónà, tó ń sáré bọ̀, irun rẹ̀ ti funfun. N kò pe orúkọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi, mo sì rí òrùka irin níka rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ó ṣì wà láyé?” Mo ní, “Ó ń dúró dè ọ́.” Kò bèèrè nǹkan mìíràn, kò padà wọlé mú aṣọ.

Nígbà tí à ń bọ̀, mo ní kí àwọn oníbodè tó kù tún àrokò náà wò, nítorí ara mi ò gbà á kí n má mọ̀. Ti Kò-Gbàṣìṣe ka gbogbo kókó, kò sì fa aṣọ. Ní Fèrèsé-Ìmọ́lẹ̀, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tàn, ojú ìyá mi sì tún yọ. Akínlàbí dúró níwájú fèrèsé yẹn títí mo fi ní kó jẹ́ ká máa lọ, pé ìyá fúnra rẹ̀ wà níwájú.

A délé lọ́sàn-án. Ẹ gbọ́ ohun tí a bá. Ìyá mi wà láàyè, ó jókòó sórí ẹní, ṣùgbọ́n àìsàn náà ti mú ojú rẹ̀ lọ pátápátá. Ó ń wo ibi tí a wà, kò rí wa. Àwa méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti rò ó ní gbogbo ọ̀nà pé bó bá rí i báyìí, pé bó bá rí i báyìí!

Akínlàbí wọlé lọ bá a. Ó bọ́ òrùka rẹ̀, ó so ó mọ́ okùn àrokò láàárín owó ẹyọ méjèèjì, ó sì gbé e lé ìyá wa lọ́wọ́. Ìyá mi fi ìka wá ojú okùn. Ó kan ìlẹ̀kẹ̀ Láyẹmí, ó fò ó. Ó kan eyín ìmàdò, ó mi orí. Ó kan ekìrí ẹní, ó ní, “Hẹn.” Ó dé ibi owó ẹyọ, ìka rẹ̀ sì dúró. Ó fọwọ́ pa òrùka náà yípo, ó tún fọwọ́ pa á.

Ó ní, “Akínlàbí, kí ló mú ọ pẹ́ tó báyìí?”

Ẹ̀gbọ́n mi wólẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Èmi náà sunkún, mo sì ń sunkún nísinsìnyí, ẹ má wò mí. Ìyá mi lo ìgbà díẹ̀ sí i pẹ̀lú wa kó tó lọ, ó sì sùn wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́jọ́ tó lọ.

Àrokò náà nìyí. Abọ́sẹ̀dé, gbà á. Di ojú rẹ kí o fi ọwọ́ kà á. Ìwọ náà, Oyèníran. Ìlẹ̀kẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ìkóóde wà nísàlẹ̀, wọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èmi ò mọ orúkọ ìlànà tí ẹ ń jà lé lórí, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ kọ ìkànnì yín. Ẹ kọ ọ́ kí ìyá mi lè kà á.